Ta ló ni Château d'Yquem gan-an? Bí ogún ìdílé Lur-Saluces ṣe bọ́ sọ́wọ́ LVMH

Ẹni tó bá rí àwòrán ìgò Château d'Yquem ti ọdún 1967 tàbí ti 1988, nǹkan mẹ́ta ló máa kọ́kọ́ rí lára bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn: adé kékeré lókè, orúkọ oko náà, àti orúkọ ìdílé kan nísàlẹ̀ rẹ̀, Lur-Saluces. Orúkọ ìdílé yìí ló ń fa àríyànjiyàn. Bí irú àwòrán bẹ́ẹ̀ bá ti jáde lórí ayélujára báyìí, ẹnìkan á ní ìdílé náà ló ṣì ni oko. Òmíràn á ní Bernard Arnault, ọ̀gá àwọn tó ni Louis Vuitton, ti gbà á lọ́wọ́ wọn. Ẹnì kẹta á búra pé owó orí ìjọba Faransé ló lé wọn kúrò nílé bàbá wọn.

Ẹnì kejì ló sún mọ́ òótọ́ jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé "gbà á lọ́wọ́ wọn" ti kọjá ohun tó ṣẹlẹ̀. Àwọn ọmọ ilé ló fọwọ́ ara wọn ta ìpín wọn. Ọmọ ilé náà ló sì gbé títà yẹn lọ sí kóòtù. Ẹ jẹ́ ká tú u wò láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí bí oko yìí ṣe kúrò lọ́wọ́ ìdílé tó ti ni ín fún ọdún 211 fara jọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ oko àjàrà ní Faransé lónìí.

## Kí ni Yquem, kí ló sì mú un yàtọ̀?

"Íkẹ̀m" ni wọ́n ń pè é. Orí òkè kékeré kan ló wà ní abúlé Sauternes, nǹkan bí kìlómítà 40 sí ìlú Bordeaux, lápá gúúsù ìlà-oòrùn. Ọ̀rọ̀ "château" tó ṣáájú orúkọ rẹ̀ máa ń ṣi àwọn èèyàn lọ́nà. Ilé olódi ló túmọ̀ sí, irú ilé bẹ́ẹ̀ sì wà ní Yquem lóòótọ́. Ṣùgbọ́n lẹ́nu àwọn oníwáìnì Bordeaux, gbogbo dúkìá náà lápapọ̀ ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀: ilẹ̀, igi àjàrà, ilé ìpọntí, àgbá, àti orúkọ tí wọ́n fi ń tà á. Oko kan lè jẹ́ "château" kí ilé orí rẹ̀ má sì ju búngálò lásán lọ.

Wáìnì dídùn ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ dà bí oyin, èso rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ bu kó tó dùn bẹ́ẹ̀. Bí ẹ̀ẹ̀rùn wọn bá ti ń parí lọ, odò Ciron tó tutù á pàdé odò Garonne tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, kùrukùru á bo oko láàárọ̀, oòrùn á sì tú u ká lọ́sàn-án. Nínú ọ̀rinrin yẹn ni ohun kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Botrytis cinerea á ti mú èso àjàrà. Awọ èso á kọ́kọ́ pọ́n rẹ́súrẹ́sú, á wá hunjọ, ohun kan bí eérú á bò ó. Omi inú rẹ̀ á gbẹ, ṣúgà á ṣẹ́kù.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé èso orí ṣírí kan náà kì í bu lọ́jọ́ kan náà. Àwọn tó ń kórè á mú àlùmọ́gàjí kékeré dání, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sídìí igi, wọ́n á gé èyí tó ti hunjọ, wọ́n á fi èyí tó ṣì ń dán sílẹ̀, wọ́n á tún padà wá lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan. Ìgbà márùn-ún sí mẹ́fà ni wọ́n sábà máa ń padà sídìí igi kan náà, nígbà mìíràn ó máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn gbogbo ẹ̀, ife wáìnì kan péré ni wọ́n máa ń sọ pé igi kan ń mú wá lọ́dún.

Bí ọdún bá burú, wọn kì í ta Yquem rárá. Kò sí ìgò kankan tó jáde fún ọdún 1964, 1972, 1974, 1992 àti 2012. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí ó kan ẹni tó ní ìpín nínú oko ṣùgbọ́n tí kò gbé ibẹ̀. Lọ́dún tí kò sí wáìnì, àwọn òṣìṣẹ́ ṣì máa gba owó oṣù, wọ́n ṣì máa ra àgbá, àmọ́ kò sí ohun tí wọ́n máa pín.

Ní 1855, nígbà tí wọ́n to àwọn oko Bordeaux ní ipele-ipele fún àfihàn ńlá tí Napoleon Kẹta ṣe ní Paris, Yquem nìkan ṣoṣo ni wọ́n kọ Premier Cru Supérieur, ìyẹn ipele tó ga jù, sí níwájú orúkọ rẹ̀. Ipò yẹn kò tíì yí padà títí dòní.

## Ṣé ìdílé Lur-Saluces ló dá oko náà sílẹ̀ ni?

Rárá o. Nígbà kan, abẹ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo agbègbè yẹn wà, nítorí Eleanor ti Aquitaine fẹ́ Henry Plantagenet ní 1152, ó sì gbé ilẹ̀ bàbá rẹ̀ dání lọ sílé ọkọ. Ọdún 1453 ni Faransé tó gbà á padà. Ní 1593, Jacques Sauvage gba ẹ̀tọ́ láti máa lo Yquem lọ́wọ́ ọba Faransé. Ó lè dáko níbẹ̀, ó lè fi í sílẹ̀ fún ọmọ, ṣùgbọ́n ọba ló ṣì ni ilẹ̀. Ọdún 1711 ni Léon de Sauvage tó wá rà á tán pátápátá. Ìdílé Sauvage ti lo nǹkan bí igba ọdún níbẹ̀ kí orúkọ Lur-Saluces tó wọ ọ̀rọ̀ náà rárá.

Obìnrin ló gbé oko náà wọ ìdílé tuntun yìí. Françoise Joséphine de Sauvage d'Yquem fẹ́ Louis Amédée de Lur-Saluces ní 1785. Ọ̀gá ọmọ ogun ẹlẹ́ṣin ni ọkọ rẹ̀, ọba Louis Kẹẹ̀ẹ́dógún sì ni bàbá ìsàmì rẹ̀. Ọdún mẹ́ta péré lẹ́yìn ìgbéyàwó, ọkọ já bọ́ lórí ẹṣin, ó sì kú.

Láàárín ọdún mẹ́ta yẹn ni ohun kan ṣẹlẹ̀ tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Thomas Jefferson, tó jẹ́ aṣojú Amẹ́ríkà ní Paris nígbà náà, kọ̀wé láti ra ìgò 250 ti ọdún 1784, ó sì kọ lẹ́tà náà sí "Ọ̀gbẹ́ni d'Yquem". Lur-Saluces ló fèsì, ó sì ṣàlàyé pé ọwọ́ òun ni dúkìá Sauvage wà báyìí, láti ìgbà tí òun ti fẹ́ ọmọ wọn. Láti 1787 ni àwọn oníbàárà ti ń ṣi ẹni tó ni Yquem mọ̀.

Opó náà kò ju ọmọ nǹkan bí ogún ọdún lọ. Ìyípadà ìjọba Faransé dé bá a níbẹ̀, wọ́n sọ ọ́ sẹ́wọ̀n lẹ́ẹ̀mejì nítorí pé ọmọ ọlọ́lá ni, síbẹ̀ oko kò bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó kọ́ ilé àgbá ní 1826. Òun ló ń darí oko títí ó fi kú ní 1851, ọdún mẹ́rin ṣáájú ipò 1855 yẹn. Àwọn àtọmọdọ́mọ rẹ̀ ló jẹ èrè rẹ̀: ní 1859, Constantine, àbúrò ọba Rọ́ṣíà, san 20,000 fráńkì oníwúrà fún àgbá ńlá kan ti wáìnì ọdún 1847. Ariwo owó yẹn gba gbogbo Yúróòpù kan.

## Kí ni òfin ogún Faransé sọ?

Láyé àwọn ọba, àkọ́bí ọkùnrin lè kó èyí tó pọ̀ jù nínú ilẹ̀ àwọn ọlọ́lá, kí àwọn àbúrò máa wò. Ìyípadà ìjọba fòpin sí i. Ní 1790 wọ́n fagi lé ẹ̀tọ́ àkọ́bí, ìwé òfin tí Napoleon gbé jáde ní 1804 sì wá fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ọmọ kan kò ju ọmọ kan lọ, ọkùnrin tàbí obìnrin.

Kì í ṣe àbá lásán ni òfin yẹn. Òbí ní Faransé kò lè sọ pé ọmọ tó ń bá òun ṣoko nìkan ni yóò jogún oko. Bí ó bá bí ọmọ kan, ìdajì dúkìá jẹ́ ti ọmọ náà tipátipá. Bó bá bí méjì, ìdá méjì nínú mẹ́ta ni wọ́n jọ ní. Bó bá jẹ́ mẹ́ta sókè, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Ohun tó ṣẹ́ kù nìkan ni òbí lè fún ẹni tó wù ú. Láàárín àwọn ọmọ, orí-ò-jorí ni wọ́n fi ń pín in. Bí ọmọ kan bá ti kú ṣáájú òbí, àwọn ọmọ tirẹ̀ á pín ìpín ẹyọ kan tí ìbá jẹ́ ti òkú náà, èyí tó sún mọ́ ohun tí àwa mọ̀ sí ìdí-igi, àyàfi pé ọmọ ni wọ́n fi ń ka ìdí níbẹ̀, kì í ṣe ìyàwó.

Kí wọ́n tó pín in, gbogbo wọn ló jọ ni ín, òfin sì tún fi gbólóhùn kan tó le kún un: kò sí ẹni tí wọ́n lè fipá mú láti wà nínú àjọni títí láé. Ẹnikẹ́ni ló lè dìde lọ́jọ́ kan, kó ní òun fẹ́ ìpín òun lówó.

Báwo ni èèyàn á ṣe wá pín oko bíi Yquem? Bí wọ́n bá gé e sí wẹ́wẹ́, orúkọ bàjẹ́ nìyẹn, iye rẹ̀ náà á sì wálẹ̀. Nítorí náà àwọn ìdílé wọ̀nyí máa ń fi oko sínú ilé-iṣẹ́. Ilé-iṣẹ́ ló ní ilẹ̀, àwọn ọmọ ló ní ìpín nínú ilé-iṣẹ́. Oko á dúró ní odidi, bébà ló máa ń pín. Ọgbọ́n náà dára fún ìran kan tàbí méjì. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: bí ẹnìkan bá bí mẹ́ta, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn náà bí mẹ́ta, tí àwọn yẹn tún bí mẹ́ta-mẹ́ta, ẹni 27 ló ti wà nídìí ìpín nígbà tó bá fi máa dé ọ̀dọ̀ àtọmọdọ́mọ kẹta. Ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn ló ń jí láàárọ̀ kùrukùru. Àwọn tó kù jẹ́ dókítà ní Paris, olùkọ́ ní Lyon, tàbí ẹni tí kò ní ju ẹ̀ẹ̀kan wọ oko náà lọ́dún, nígbà ọdún Kérésì.

Ilé-iṣẹ́ sì ní òfin tirẹ̀: ìpín ló ń dìbò. Ẹni tó ń darí oko lè mọ gbogbo igi ibẹ̀ níkọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n bí ìpín rẹ̀ kò bá tó ìdajì, àwọn yòókù lè ta èyí tó ju ìdajì lọ kí ó sì di òṣìṣẹ́ àjèjì lóru ọjọ́ kan.

## Owó orí ńkọ́? Ṣé òun ló lé wọn lóòótọ́?

Owó orí ogún wà, ó sì wúwo. Ní báyìí, ọmọ kọ̀ọ̀kan lè gba 100,000 yúrò lọ́dọ̀ òbí kọ̀ọ̀kan láìsan nǹkan kan. Lẹ́yìn ìyẹn, ó ń gòkè bí àkàbà títí tó fi dé 45 nínú ọgọ́rùn-ún. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò tó bá jogún ara wọn ń san 35 kó tó di 45. Ẹni tó jogún arákùnrin bàbá rẹ̀ ń san 55.

Iye tí oko bá tó lọ́jà ni wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀, kì í ṣe iye tí oko ń mú wọlé. Ní Pauillac, abúlé kan ní Bordeaux níbi tí àwọn oko olókìkí Lafite àti Latour wà, hẹ́kítà kan ti ju mílíọ̀nù méjì yúrò lọ. Ẹni tó jogún hẹ́kítà mẹ́wàá níbẹ̀ di olówó lórí ìwé, ó sì lè má ní owó tó máa fi san owó orí rẹ̀ lápò.

Ìjọba mọ̀ bẹ́ẹ̀. Láti 2003 ni òfin kan ti wà tí wọ́n ń pè ní àdéhùn Dutreil: bí àwọn ajogún bá fọwọ́ sí i pé àwọn kò ní ta ìpín fún ọdún mélòó kan, tí ọ̀kan nínú àwọn yóò sì máa darí ilé-iṣẹ́, wọ́n á yọ ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin iye ìpín náà kúrò kí wọ́n tó ṣírò owó orí. Ọ̀pọ̀ ìdílé ni àdéhùn yìí ti gbà sílẹ̀. Àmọ́ ẹni tó ti ń wá owó rẹ̀ kò ní fẹ́ fọwọ́ sí ìwé tó ní kó má tà, ibẹ̀ sì ni ìṣòro wà.

Ní ti Yquem, títà tó bẹ́ sílẹ̀ kò bá ìsìnkú ẹnikẹ́ni wá. Olùdarí oko ṣì wà láàyè, ara rẹ̀ le, ó sì ń ṣiṣẹ́. Ìyẹn ni ìtàn pé ìjọba ló lé wọn kò fi dúró dáadáa.

## Kí ló wá ṣẹlẹ̀ láàárín 1968 sí 1999?

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, ọwọ́ Marquis Bertrand de Lur-Saluces ni Yquem bọ́ sí. Ó darí rẹ̀ fún nǹkan bí àádọ́ta ọdún. Kò gbéyàwó, kò bímọ. Nígbà tó kú ní 1968, ogún náà kọjá sí ẹ̀ka àbúrò àti ẹ̀gbọ́n, Count Alexandre, ọmọ ẹbí rẹ̀, ló sì gba ìṣàkóso. Alexandre jẹ́ ẹni ọdún 34. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, Eugène, ni oyè Marquis kàn.

Ẹ kíyè sí bí nǹkan ṣe pín: ẹ̀gbọ́n ní oyè àti ìpín, àbúrò ní iṣẹ́. Alexandre kò ní ìpín tó lè dá pàṣẹ fún gbogbo ilé.

Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò rọgbọ. Láàárín ọdún méje àkọ́kọ́, ẹ̀ẹ̀mejì ni kò sí Yquem rárá, 1972 àti 1974. Àwọn ọdún 1970 sì burú fún gbogbo Sauternes. Wáìnì dídùn kò wọ́jà, àwọn oko kan ní agbègbè náà sì ń hú àjàrà funfun láti gbin pupa. Alexandre kò dín ọ̀nà ìkórè kù. Nígbà tí ọdún 1983, 1986, 1988, 1989 àti 1990 dé, tí gbogbo wọn dára, iye oko náà fò sókè. Oko tí kò mú nǹkan kan wá ní 1974 ti di ohun tí àwọn olówó ayé ń wá kiri. Iṣẹ́ tí àbúrò ṣe ló sọ ìpín àwọn yòókù di wúrà, wúrà yẹn gan-an ló sì mú kó rọrùn fún wọn láti tà.

Ní oṣù Kọkànlá 1996, LVMH kéde pé òun ti ra ìpín 55 nínú ọgọ́rùn-ún. LVMH ni ilé-iṣẹ́ tí àwọn Moët Hennessy àti Louis Vuitton parapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1987, tí Bernard Arnault ń darí. Àwọn tó tà ni Eugène àti àwọn mìíràn nínú ẹbí. Alexandre pe ẹjọ́ pé títà náà kò bófin mu. Ó di ìjà gbangba: ẹ̀gbọ́n lápá kan, àbúrò lápá kejì, àwọn ìwé ìròyìn Faransé àti ti Gẹ̀ẹ́sì ń gbé e káàkiri.

Ó gba ọdún méjì àti oṣù mélòó kan. Ní oṣù Kẹrin 1999, àwọn méjèèjì fẹnu kò: àṣẹ lórí oko bọ́ sọ́wọ́ LVMH, Alexandre sì dúró bí olùdarí. Ó wà níbẹ̀ títí di 2004, ọdún tó pé 70. Pierre Lurton, tó ti ń darí Château Cheval Blanc ní Saint-Émilion, ló gbapò rẹ̀.

## Kí ni apá kọ̀ọ̀kan ń sọ?

Nínú irú ìjà báyìí, kì í ṣe Yquem nìkan, ẹni tó fẹ́ tà máa ń sọ pé òun jogún ohun iyebíye tí òun kò lè ná. Wọ́n á ní ìpín òun tó àìmọye mílíọ̀nù, síbẹ̀ èrè tí wọ́n ń pín fún òun lọ́dún kò tó nǹkan, ẹni tó wà lórí oko ló sì ń pinnu iye tí wọ́n máa pín. Ọdún tó bá ní kò sí wáìnì, kò sí nìyẹn. Kí ló dé tí ẹnìkan á fi máa fi ogún òun gbayì fún gbogbo ayé?

Ẹni tó wà lórí oko máa ń dáhùn pé bí wọ́n bá ti ń wá èrè lọ́dọọdún, wáìnì máa bàjẹ́. Kò sí oníṣòwò tó máa da odindi ìkórè nù nítorí orúkọ, lójú tirẹ̀. Ìdílé nìkan ló lè fi ogún ọdún dúró.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà kò gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni tán. Ní 2012, abẹ́ LVMH, wọ́n kọ̀ láti ta Yquem nítorí ọdún náà kò dára, gẹ́gẹ́ bí ìdílé ti ṣe ní 1972. Lọ́wọ́ kejì, wáìnì funfun kan tí kò dùn, tí wọ́n ń pè ní "Y", wà ní oko náà láti 1959. Ìdílé máa ń ṣe é ní ọdún kan, kí wọ́n fo òmíràn. Láti 2004 ni ó ti ń jáde lọ́dọọdún. Àwọn kan ka ìyẹn sí ọgbọ́n ọjà, àwọn mìíràn sì ka á sí àmì pé ọwọ́ oníṣòwò ti wọlé.

Ohun tí ilé-iṣẹ́ ńlá ń wá níbẹ̀ kò fara sin. Ẹnikẹ́ni tó lówó lè kọ́ ilé ìpọntí tuntun, àmọ́ kò sí ẹni tó lè kọ́ ọdún 1855. François Pinault, tó ni Gucci, ra Latour ní 1993. Arnault fúnra rẹ̀ àti Albert Frère, olówó kan ní Belgium, ra Cheval Blanc ní 1998. Ní Burgundy, agbègbè oko àjàrà mìíràn ní Faransé, LVMH ra Clos des Lambrays ní 2014, Pinault ra Clos de Tart ní 2017 lọ́wọ́ ìdílé Mommessin tó ti ni ín láti 1932. Ilé-iṣẹ́ ìbánigbófò kan, Suravenir, ra Calon-Ségur, oko Bordeaux kan, ní 2012, ọdún kan lẹ́yìn tí ìyá àgbà tó ń darí rẹ̀ kú.

## Ṣé ìjọba kò lè dá irú títà bẹ́ẹ̀ dúró?

Àjọ kan wà tí wọ́n ń pè ní SAFER, òfin 1960 ló dá a sílẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ ta ilẹ̀ oko, wọ́n gbọ́dọ̀ sọ fún un, ó sì lè sọ pé òun ló máa rà á kí ó lè fi fún àgbẹ̀ ọ̀dọ́. Ihò tó wà nínú rẹ̀ ni pé ilẹ̀ Yquem kò yí ọwọ́ padà ní 1996. Ilé-iṣẹ́ tó ni ilẹ̀ lánàá ló ni ín lónìí. Ìpín nínú ilé-iṣẹ́ ni wọ́n tà. Òfin tuntun kan jáde ní oṣù Kejìlá 2021 láti bojú tó irú títà ìpín bẹ́ẹ̀ tí ilẹ̀ rẹ̀ bá pọ̀ ju ìwọ̀n kan lọ, ìyẹn sì ti jẹ́ ọdún 25 lẹ́yìn tí ti Yquem ti kọjá.

## Kí ló tún mú ọ̀rọ̀ yìí gbóná báyìí?

Ìṣòro méjì ni wọ́n ń pa pọ̀. Ti àwọn oko ńlá ni ohun tí a ti ń sọ bọ̀: ilẹ̀ wọ́n, ajogún pọ̀, àwọn tó fẹ́ rà pọ̀. Ti àwọn oko kékeré Bordeaux yàtọ̀ pátápátá. Ní 1960, ará Faransé kan ń mu ju 100 lítà wáìnì lọ lọ́dún. Lónìí kò tó 50. Ní 2023 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í san 6,000 yúrò fún hẹ́kítà kọ̀ọ̀kan tí àgbẹ̀ Bordeaux bá hú àjàrà rẹ̀ kúrò. Níbẹ̀, kì í ṣe pé ajogún ń jà lórí ta ló máa ni oko. Kò sí ọmọ tó fẹ́ ẹ, kò sì sí ẹni tó fẹ́ rà á. Ẹni tó bá gbọ́ pé "àwọn ìdílé ń ta oko àjàrà wọn ní Faransé" kó kọ́kọ́ béèrè èwo nínú méjèèjì ni.

Àwọn tó ṣì di tiwọn mú wà. Ìdílé Barton, àwọn ará Ireland, ra oko Langoa ní Bordeaux ní 1821 àti apá kan oko Léoville ní 1826, ọwọ́ wọn ló ṣì wà títí di báyìí. Ohun kan tó ràn wọ́n lọ́wọ́ ni pé nígbà mìíràn, ẹnì kan ṣoṣo ni oko ń bọ́ sí lọ́wọ́. Nígbà tí Ronald Barton kò bímọ, Anthony, ọmọ ẹbí rẹ̀, nìkan ló fà á lé lọ́wọ́. Bertrand ti Yquem náà kò bímọ. Ṣùgbọ́n tirẹ̀ pín.

## Ibo ni ìdílé Lur-Saluces wà báyìí?

Wọn kò jìnnà. Kìlómítà díẹ̀ sí Yquem ni Château de Fargues wà, tí ìgbéyàwó gbé wọ ìdílé náà ní 1472, ọdún 313 ṣáájú Yquem. Ilé olódi ibẹ̀ jóná ní 1687. Àwọn ògiri rẹ̀ ṣì dúró láàárín àjàrà. Bertrand yẹn náà ló gbin àjàrà funfun síbẹ̀, 1943 sì ni wáìnì dídùn àkọ́kọ́ tó jáde. Nítorí náà kò sí nínú ìwé 1855. Oko kékeré ni, nǹkan bí hẹ́kítà 15 sí ìgbà tí Alexandre gbájú mọ́ ọn lẹ́yìn 2004.

Alexandre kú ní oṣù Keje 2023, ó jẹ́ ẹni ọdún 89. Philippe, ọmọ rẹ̀, ló ń darí Fargues. Ẹni tó bá ń wá orúkọ Lur-Saluces lára ìgò tuntun, ibẹ̀ ni kó wá a sí, nísàlẹ̀ orúkọ oko, níbi tó máa ń wà tẹ́lẹ̀ lára Yquem.